Ta Ni Yóò Ní Kí O Tú U?

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọmọ iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rán apá bùbá tán. Ó gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá kò tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán, ó dá a padà, ó ní, “Tú u.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ mú réésà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú tó fi odindi wákàtí kan rán. Kó tó ṣe fríìdọ̀mù, yóò gbọ́ “tú u” yìí títí yóò fi sú u, inú títú yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ yóò ti wọ̀ ọ́ lára.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹlòmíràn ń kọ́ṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí 50 kìlómítà síbẹ̀, lójú títì tó lọ sí Ìlọrin. Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní ọ̀gá. Ọmọ ti sùn, abọ́ alẹ́ ti kúrò nílẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí itan rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ oṣù: olùkọ́ ni, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Kóòdù ló ń kọ́, ìyẹn bí a ṣe ń to àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní ìlà-ìlà, kó lè ṣe iṣẹ́ tí a bá rán an. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Àmọ́ kò rí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yìí ń rán. Kò lè ní kó tú u.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kíkọ́ kóòdù lórí ayélujára ti ń ta kókó nìyẹn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ìmọ̀ kò wọ́n mọ́. Ó pọ̀ débi pé ó ń dààmú èèyàn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọ̀gá. Tẹ́lẹ̀, ohun mẹ́ta ni ọ̀gá ń fún ọmọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìmọ̀ fúnra rẹ̀: àkókò tí kò ṣe é yẹ̀, iṣẹ́ gidi tí oníbàárà ń retí, àti ojú tó ń rí àṣìṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dá kọ́ṣẹ́ lóru gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ìmọ̀, torí òun ló rọrùn jù. Lọ́dún 2014, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Quincy Larson dá freeCodeCamp, ilé ẹ̀kọ́ kóòdù lórí ayélujára, sílẹ̀. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kó tó kọ́ kóòdù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ náà ni CS50, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà tí David Malan ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Harvard, tí ẹni tó wà ní Owódé ní Ọ̀yọ́ náà lè bá wọn kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ojú ewé ayélujára á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HTML àti CSS, á wá kan JavaScript. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá òun ṣírò, kó máa to orúkọ, kó máa yẹ àkọsílẹ̀ wò, Python ni ká ní kó gbá mú. Ará Netherlands ni Guido van Rossum tó gbé Python jáde lọ́dún 1991, èdè yẹn sì wà lára àwọn tó rọrùn jù fún olùbẹ̀rẹ̀ láti kà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n ń tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Python lọ́sẹ̀ yìí, JavaScript lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ẹnì kan ní òun ni owó wà nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn lóṣooṣù kò ní ṣe fríìdọ̀mù níbì kankan. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í.

Ó wá kan àkókò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni freeCodeCamp fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ka ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sí nǹkan bí 300 wákàtí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ṣe máa ṣírò rẹ̀. Bí èèyàn bá rí wákàtí kan lóòjọ́, lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 60 ni 300 wákàtí yẹn yóò gbà. Nǹkan bí ọdún kan àti oṣù méjì nìyẹn, kí àìsàn, ìnáwó àti ọ̀sẹ̀ ìdánwò tó yọ tiwọn kúrò. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé oṣù mẹ́ta ló máa gbà, tí kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò rò pé orí òun ni kò pé nígbà tí oṣù mẹ́ta bá kọjá. Orí rẹ̀ pé. Ìṣirò ni wọn kò ṣe fún un.

Wákàtí kan yẹn gbọ́dọ̀ ní ibùjókòó. Aago márùn-ún ìdájí ló bá ẹlòmíràn lára mu, nígbà tí ara ṣì tutù tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè é. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe òru lọ́sẹ̀ yìí, tó máa ṣe ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò lè fi aago dè é. Ohun tó máa ṣe é ni kó so ó mọ́ nǹkan tí kì í yí padà, bíi wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá sùn tó jí. Ohun tó tún ṣe kókó ni pé kí ará ilé mọ̀. Bí èèyàn bá di fóònù mú lóru tí kò sọ pé òun ń kọ́ṣẹ́, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ á gbà pé ńṣe ló ń bá àwọn ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ lórí WhatsApp. Gbogbo ilé ló máa ń mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ wà níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rán an lọ ra ata lásìkò yẹn.

Iná àti dátà ń jẹ nínú wákàtí yẹn pẹ̀lú. Láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé owó wọn, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n lápò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kíkọ kóòdù fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà. Fídíò ló ń jẹ ẹ́. Bí a bá ti gbé Python sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò nílò ayélujára mọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pydroid 3 lórí fóònù Android. Ìwé àlàyé Python fúnra rẹ̀ ṣe é gbà sílẹ̀ lódindi. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n á lo dátà lọ́jọ́ kan láti gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, fídíò tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́ púpọ̀ pàápàá, torí lẹ́tà la fẹ́ rí, a kò wo bọ́ọ̀lù. Tí iná bá dé, kó kọ́kọ́ gba agbára sínú kọ̀ǹpútà àti pawa-báńkì kó tó gbé áyọ́ọ̀nù. Tó bá di alẹ́ tí àdúgbò ṣókùnkùn, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń lọ.

Kí wá ni èèyàn ń ṣe gan-an nínú wákàtí yẹn? Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ká mú olùkọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń kọ́ Python, tó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fi ẹ̀rọ ìṣirò ro máàkì ọmọ 45 pọ̀ ní ìparí táàmù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, 40 ni máàkì iṣẹ́ kíláàsì, 60 sì ni ti ìdánwò. Ó jókòó, ó kọ ìlà mẹ́rin yìí:

iṣẹ́ = input("Iṣẹ́ kíláàsì: ")
ìdánwò = input("Ìdánwò: ")
àpapọ̀ = iṣẹ́ + ìdánwò
print(àpapọ̀)

Python gbà kí a fi Yorùbá pe nǹkan lórúkọ, tòun tàmì ohùn. Ìlà kìn-ín-ní ń béèrè máàkì iṣẹ́ kíláàsì, ìkejì ń béèrè ti ìdánwò, ìkẹta ń rò wọ́n pọ̀, ìkẹrin ń gbé èsì jáde. Ó tẹ 35, ó tẹ 52. Ó ń retí 87. Kọ̀ǹpútà ní 3552.

Ọmọ tó gba 3,552 nínú ọgọ́rùn-ún! Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bínú, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ̀ǹpútà kò yí ohùn padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohunkóhun tí a bá tẹ̀ sínú “input”, ọ̀rọ̀ lásán ni Python kà á sí, kódà bó jẹ́ òǹkà. Tí a bá sì fi àmì àròpọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, ńṣe ló ń so wọ́n mọ́ra, bí ìgbà tí a so “ilé” mọ́ “ìwé”. A gbọ́dọ̀ sọ fún un pé òǹkà ni: int(input("Ìdánwò: ")). Olùkọ́ yìí lo ogójì ìṣẹ́jú kó tó rí i. Àmọ́ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn lọ, kò sí fídíò tó tún ní láti sọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti òǹkà fún un.

Lálẹ́ kejì, ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní A1 títí dé F9. Ó kọ ọ́ pé bí àpapọ̀ bá tó 40, E8 ni. Bí ìyẹn kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó bá tó 45, D7 ni. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 75, tó jẹ́ A1. Ó dán an wò. Ọmọ tó gba 87, E8. Ọmọ tó gba 61, E8. Gbogbo ẹni tó yege ló di E8. Kọ̀ǹpútà kò ṣàṣìṣe. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a bi í ló kọ́kọ́ dáhùn, ó sì dúró níbẹ̀, torí 87 náà tó 40. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ní kí wọ́n kó gbogbo máńgòrò tó bá ti ju ẹyin adìẹ lọ sínú apẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní. Èyí tó tóbi bí ìkúùkù á bá wọn wọbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ńlá á sì ṣófo. Òkè ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á: ká kọ́kọ́ bi í bóyá ó tó 75, ká tó sọ̀ kalẹ̀. Ó tú u, ó tún un tò.

Ẹ kíyè sí irú àṣìṣe méjèèjì yìí. Irú àṣìṣe kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń pariwo rẹ̀: bí a bá gbàgbé àkámọ́, tàbí tí a ṣi orúkọ kọ, yóò kọ ọ́ sójú fóònù pé ìlà báyìí ló bàjẹ́. Ẹ̀rù máa ń ba olùbẹ̀rẹ̀ tó bá rí àwọn lẹ́tà pupa yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìbáwí tó rọrùn jù. Ìlà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni kí èèyàn kọ́kọ́ kà. Ṣùgbọ́n 3552 àti E8 kò pariwo. Kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ó sì dákẹ́. Ojú èèyàn ló lè rí irú èyí, ibẹ̀ sì ni ẹni tó dá wà máa ń sọnù sí.

Àwọn kan ti wá rí ọ̀gá tuntun, àwọn ẹ̀rọ bíi ChatGPT tó jáde ní November 2022. Ó ń dáhùn lóru, kì í bínú, kì í ní kí èèyàn gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó wúlò tí a bá ní kó ṣàlàyé ìdí tí kọ̀ǹpútà fi sọ pé 3552. Àmọ́ bí a bá ní kó bá wa kọ gbogbo rẹ̀, a ti di ọmọ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń bá rán aṣọ. Aṣọ á jáde, ó lè dùn ún wò pàápàá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní kí a fẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí, a kò ní mọ ibi tí a ti máa fi réésà sí i. Ìlànà tó dára ni kí èèyàn kọ́kọ́ jìjàkadì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó bi í, kó sì ní kó júwe ọ̀nà dípò kó gbé òun débẹ̀.

Ojú èèyàn kò tilẹ̀ jìnnà ní àgbègbè wa. Láti 1990 ni Yunifásítì LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì Ajayi Crowther sì wà ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá gba àdúgbò Under G tàbí Adenike ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lálẹ́ á rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sídìí iná, tó jẹ́ pé kóòdù ni wọ́n ń kọ. Ó máa ń ti àgbàlagbà lójú láti jókòó ti ọmọ ogún ọdún kó ní, “Jọ̀ọ́, bá mi wo èyí.” Kò yẹ kó tini lójú. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, lábẹ́ Mínísítà Bọ́sùn Tìjání, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, mọ èyí. Ó da ẹ̀kọ́ ayélujára pọ̀ mọ́ ìpàdé ojúkojú láwọn ìlú. Ẹni méjì tó bá ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ka kóòdù ẹnì kejì sókè, ti ṣe ju ẹni tó wo ogún fídíò lọ.

Owó ńkọ́? Òun ló gbé ọ̀pọ̀ wọ iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2014 ni ilé-iṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó: nígbà yẹn, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kóòdù, ó ń sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ní September 2019, ó dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ dúró. Ohun tó sọ ni pé àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè fún. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kò ṣòro. Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tíì sọ èèyàn di ẹni tí wọ́n ń wá. Nítorí náà, ẹ má fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí kan. Owó oṣù yẹn ló ń ra dátà, òun ló sì ń jẹ́ kí èèyàn lè kọ́ṣẹ́ láìsí ebi. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń sanwó fún ohun tí ẹ kọ, tó sì tún padà wá, ni kí ẹ tó máa ro ti ìwé ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀.

Iṣẹ́ oṣù yẹn tún ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù nínú ilé kò ní oníbàárà. Òṣìṣẹ́ ní wọn, wọ́n yí i ká. Olùkọ́ ní ìwé máàkì, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìwé owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù àti ti ẹni tó jẹ gbèsè, nọ́ọ̀sì mọ̀ bí ìwé ẹni tó ń ṣe òru àti ẹni tó ń ṣe ọ̀sán ṣe máa ń dá ìjà sílẹ̀. Iṣẹ́ kékeré tí ń dun èèyàn níbi iṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ fi kóòdù ṣe, kó sì gbé e fún ẹlòmíràn lò kó tó dára tán.

Olùkọ́ wa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí táàmù parí, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, ó ní kí ẹnì kejì rẹ̀ fi máàkì kíláàsì tirẹ̀ dán an wò. Ìyẹn ń tẹ̀ ẹ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dé orí ọmọ kẹrìnlélógún, tí kò wá sí ìdánwò torí ara rẹ̀ kò yá. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ló ṣe tẹ̀ ẹ́: ABS. Lẹ́tà pupa jáde, gbogbo rẹ̀ dúró, máàkì ọmọ 23 tó ti tẹ̀ wọlé sì pòórá.

“Àǹtí, ẹ̀rọ yín yìí ti kó gbogbo iṣẹ́ mi lọ o!”

Nínú gbogbo alẹ́ tó fi ń dán an wò nílé, kò sí ọmọ tí kò wá sí ìdánwò. Òǹkà ló ń tẹ̀, torí òun ló kọ ọ́, ó sì mọ ohun tó fẹ́. Ó gbé e lọlé, ó kọ́ ọ kó máa gba ABS, ó sì kọ́ ọ kó máa tọ́jú máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kété tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ó tún gbé e wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró, àmọ́ ìwé tó jáde wọ́: orúkọ àwọn kan ti fa máàkì wọn kúrò lórí ìlà. Àwọn ọmọ tí orúkọ wọn ní ẹ̀ tàbí ọ́ ni. Ó wádìí títí ó fi rí i pé lẹ́tà mẹ́ta ni àwa ń kà nínú “Ọ̀yọ́”, ṣùgbọ́n márùn-ún ni Python ń kà, torí tí lẹ́tà bá ti ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lókè, àmì ohùn náà di ẹni ara rẹ̀. Ààyè tí kọ̀ǹpútà ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kò wá tó. Kò sí èyí nínú fídíò kankan tó wò. Àwọn tó ṣe fídíò wọ̀nyẹn kò ní Adébọ́lá nínú kíláàsì wọn.

Ó tún un ṣe. Táàmù tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ mẹ́ta ló ń lò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èyí tó kéré jù nínú wọn yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Àǹtí, ẹ wá wo ohun tó ṣe fún mi.”

Kò bínú. Ó fa àga mọ́ra, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlà tí yóò tú.